Ẹ̀gbà Ọ̀fọ̀

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Èrèlé, ọdún 2094, Fẹ̀hìntọ́lá ìyàwó mi kú. Ikọ́ eruku ni ó pa á. Àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Òtútù, níbi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí, gba òkú rẹ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi ẹ̀gbà ọ̀fọ̀ sí mi lọ́wọ́ ọ̀tún.

Obìnrin tí ó fi ẹ̀gbà náà sí mi lọ́wọ́ kò wo ojú mi. Ó dì í pọ̀, ó tẹ etí rẹ̀, ó sì ní kí n na apá mi síwájú kí òun lè rí i bóyá ó ti ń mí. Lóòótọ́, nǹkan náà ń mí. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì rin díẹ̀ bí ahọ́n ajá. Mo fẹ́ nu ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n obìnrin náà di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Bàbá, ṣé ẹ rí ìlà dúdú yìí?" ó wí. "Ìsàlẹ̀ ni ó wà báyìí. Ọjọ́ tí ó bá dé òkè, ẹ wá gba òkú yín. Bí oṣù yìí bá parí tí kò tíì dé òkè, ilé iná la ó gbé e lọ."

"Kí ni yóò gbé e gòkè?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo ń ṣe àwàdà ni. "Ṣé ẹ kì í wo Ọ̀gá Ṣódìmú ni?"

Mo ń wò ó. Ta ni kì í wò ó? Tẹlifíṣọ̀n ti kúrò nínú àpótí tipẹ́. Ara ògiri ni ó ń gbé. Ní Ilé Òjò ní Ṣakí, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí a bá ti jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán, ògiri a tàn, orin a bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá Ṣódìmú a sì wọ ọ́fíìsì rẹ̀ wá nínú aṣọ dúdú. Ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ ṣe eré náà ti kú kí n tó ní irùngbọ̀n. Ẹ̀rọ ni ó ń gbé ojú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ kiri. Nínú eré náà, ọ̀gá ilé iṣẹ́ rélùwéè kan ni. Omi gbé ìyàwó rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fi ojú rere wo ẹnikẹ́ni tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ mọ́.

Bí akọ̀wé bá gbé tíì wá fún un, a dà á sílẹ̀, a ní kí akọ̀wé fi fìlà nu ilẹ̀. A mú lẹ́tà ìfẹ́ tí ọmọbìnrin kan ní ilé iṣẹ́ náà kọ pamọ́, a kà á sókè lójú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí darandaran àtijọ́ kan tí ó di ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà kí i pé ó kú ọ̀fọ̀, ó ní, "Ìwọ ni omi ìbá gbé. Ta ni ìbá mọ̀?" Orin a sì dún. Àwọn tí ó bú a tẹ orí ba, wọn a ní, "A bá yín gbé e." Lẹ́yìn náà, ògiri a fi omi ojú Ọ̀gá Ṣódìmú hàn, ó tóbi tó kòkò, gbogbo yàrá oúnjẹ a sì máa fọn imú.

Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama, wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ nínú ìdánwò. Báwo ni Ọ̀gá Ṣódìmú ṣe fi hàn pé òun fẹ́ràn ìyàwó òun? Mo kọ ìdáhùn tí wọ́n ń fẹ́. Mo gba máàkì. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn aṣòfin, tí àwọn náà ti ṣe ìdánwò yẹn, sọ ọ́ di òfin pé bí ọ̀rọ̀ ọlọ́fọ̀ bá ti dun àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ tó ni a ó fi mọ̀ bí ó ti fẹ́ràn òkú rẹ̀ tó.

*

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Gàníyù ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni ó ń fi epo sí àwọn àwòdì. Àwòdì ni a ń pe àwọn ẹ̀rọ tí ń gbé iyọ̀ lọ sínú ìkùukùu kí òjò lè rọ̀ sí Òkè-Ògùn. Èmi ni mo ń tún egungun ìyẹ́ wọn ṣe.

"Bàbá Oyèdòkun, ẹ káàárọ̀ o," ó wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ dé."

"Kí lo fẹ́?"

"Ẹ bú mi."

Mo wò ó.

"Ìdáná àbúrò ìyàwó mi ni lọ́jọ́ Jímọ̀," ó wí. "Ọ̀gá Láògún kò fún mi láyè. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́fọ̀ bá bú mi tó sì dùn mí, òfin fún mi ní ìsinmi. Ẹ sọ̀rọ̀ nípa orí mi. Ẹ̀yin náà ẹ wo bó ṣe rí."

"Orí rẹ tóbi."

"A bá yín gbé e." Ó tẹ orí ba, ó sì yọjú wo bọ́tìnnì tí ó wà lọ́rùn aṣọ rẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ni ó ní irú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ ènìyàn lára ní tòótọ́, bọ́tìnnì a pọ́n, ẹ̀gbà ọlọ́fọ̀ a sì mọ̀. Ti Gàníyù kò pọ́n. "Kò gbà á. Bàbá, ẹ fi bàbá mi kún un."

"N kò mọ bàbá rẹ."

"Èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ló máa jẹ́ kó dùn mí."

Àwọn mẹ́ta mìíràn ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan fẹ́ lọ sí oko. Ọ̀kan fẹ́ sùn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń sọ ohun tí ó yẹ kí n fi bú wọn fún mi: ẹsẹ̀ wọn, ẹnu wọn, ìyá wọn. Ìyàwó mi wà nínú àpótí dígí, àwọn ènìyàn wọ̀nyí sì tò síwájú mi bí ẹni tí ó fẹ́ gba àkàrà. Wọ́n rí mi lára. Mo kọjá lára wọn, mo wọlé lọ sí ìdí iṣẹ́ mi. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ mà rí i, ó wò wá bí ìgbẹ́." Gàníyù dáhùn pé, "Ìyẹn kò kà. Ẹnu ló gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́."

Mùínátù ti wà níbẹ̀. Iwájú mi ni ó ń jókòó, tábìlì kan náà ni a jọ ń lò. Òun ni ó ń rán aṣọ tí a fi ń bo ìyẹ́ àwòdì. Kò tíì pé ogójì ọdún, ṣùgbọ́n irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Ó gbé abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná kan sí ìhà ọ̀dọ̀ mi, ó sì kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ará fẹ́ra kù," ó wí. "Ìyá lọ, ó dùn wá. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀."

Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Láti ìgbà tí Fẹ̀hìntọ́lá ti kú, ẹni kan kò tíì kí mi báyìí. Mo ń fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbà tutù lọ́wọ́ mi lójijì. Mo wò ó. Ìlà dúdú tí kò tíì kúrò nílẹ̀ tún wọ inú ilẹ̀ lọ.

Gàníyù, tí ó ti tẹ̀ lé mi wọlé, rí i. "Àǹtí Mùínà, ẹ ń fà á wálẹ̀! Ẹ kò mọ̀ pé wọn kì í kí ọlọ́fọ̀ níbi iṣẹ́ ni?"

"Mo mọ̀," Mùínátù wí. Ó dìde, ó padà sí ìdí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Mo jẹ ẹ̀kọ náà. Mo gbà pé mo jẹ ẹ́.

*

Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gbà mí láyè láti rí Fẹ̀hìntọ́lá. Ilé Òtútù wà lẹ́yìn òkè, inú ihò àpáta ni wọ́n kọ́ ọ sí kí ooru má baà dé ibẹ̀. Wọ́n to àwọn òkú sínú àpótí dígí bí wọ́n ti ń to ẹja. Lórí dígí ìyàwó mi ni wọ́n ti lẹ nọ́ńbà, àti ìlà dúdú kékeré kan tí ó bá ti ẹ̀gbà mi dọ́gba, kí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè mọ ibi tí ọ̀fọ̀ mi dé. Dígí tí ó wà lápá òsì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dú tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mú mi wọlé fi ọwọ́ kan èyí, ó ní, "Ẹni tó ni eléyìí fẹ́ràn òkú rẹ̀ gan-an ni." Lẹ́yìn náà ó wo tiwa. Ó mú mi jáde.

Èéfín ń jáde lẹ́yìn ilé náà. N kò béèrè ohun tí wọ́n ń sun.

Ohun tí Fẹ̀hìntọ́lá bẹ̀ mí nígbà tí ó wà lórí àìsàn kò pọ̀. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n dáná sun òun bí ẹran ìgbẹ́. Ó ní Àgọ́-Àmọ̀dù ni kí n gbé òun lọ, kí n tẹ́ òun sí ẹ̀gbẹ́ ìyá òun. Mo ní mo gbọ́. Ó ní, "Ẹ ṣèlérí." Mo ṣèlérí. A ti gbé pọ̀ fún ogójì ọdún ó lé, n kò sì rántí ìgbà tí ó bẹ̀ mí ní nǹkan ṣáájú ọjọ́ náà.

Ọ̀gá Láògún, olórí Ilé Òjò, ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi bí a bá pàdé níta. Níbi iṣẹ́, ìjókòó ni ó ti kí mi.

"Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ̀gbà yín ń bà mí nínú jẹ́."

"Èmi náà."

"Àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bóyá ẹ̀yin àti Ìyá kò gbọ́ ara yín yé. Mo ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni n ó fi gbè yín lẹ́sẹ̀? Ìgbà tí ìyá mi kú, kò pẹ́ rárá tí tèmi fi kún. Mo wo awakọ̀ mi, mo ní, Ọmọ tí o ń gbé jó yẹn, ṣé o ti wo ojú rẹ̀ dáadáa? Ta ló jọ? Bàbá, ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹkún. Ẹ̀gbà mi fò sókè."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Kí ni òótọ́?"

"Pé ọmọ náà kò jọ ọ́."

Ó ronú díẹ̀. "N kò tíì rí ọmọ náà rí. Títí di òní, awakọ̀ yẹn ṣì ń sọ fún ènìyàn pé òun bá mi gbé e. Ẹ kò rí i pé ó ń mú wa sún mọ́ ara wa ni?" Ó na ọwọ́ sí ògiri rẹ̀. Ọ̀gá Ṣódìmú wà níbẹ̀ láìsí ohùn, ó ń ya iṣẹ́ tí ọmọ abẹ́ rẹ̀ kan fi oṣù mẹ́fà ṣe. Ó ń ya á díẹ̀díẹ̀, ó rọra ń fi èékánná rẹ̀ gbá etí ìwé náà kí ó lè gún. Ọmọ náà dúró, ó ń wò ó. "Ẹ wo ojú rẹ̀," Ọ̀gá Láògún wí. "Ẹ wo ìfẹ́."

Mo wò ó. Ohun tí mo rí ni ọkùnrin kan tí ó jẹun yó. N kò tíì wo ojú rẹ̀ láìsí orin rí. Nígbà tí orin kò sí, ó hàn pé ó ń gbádùn ara rẹ̀.

Mo gbìyànjú. Mo sọ fún Gàníyù pé bàbá rẹ̀ lọ nítorí pé ó ti rí irú ọmọ tí yóò jẹ́. Bọ́tìnnì rẹ̀ pọ́n fírí, ó sì kú. Ó fò sókè pẹ̀lú ayọ̀, ó dì mọ́ mi, ó ní òun yóò gbé ẹran wá fún mi láti ibi ìdáná. Òórùn epo ẹ̀rọ kún ẹnu mi. Ìlà mi gòkè díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Mùínátù kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú àìsùn," ìlà náà sì padà sí ibi tí ó ti ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá a lọ. Mo ń bú àwọn tí inú wọn ń dùn pé mo bú wọn. Obìnrin kan ṣoṣo tí ó káàánú mi sì ń fa ìyàwó mi lọ sínú iná, pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ lọ́wọ́.

*

Ó ku ọ̀la kí oṣù parí. Mo dé ìdí tábìlì kí àwọn yòókù tó dé, mo sì rí Mùínátù tí ó ń bọ̀ wá kúnlẹ̀.

"Mùínátù, dúró níbẹ̀," mo wí. "Má kí mi."

Ó dúró.

"O ń rí ohun tí ìkíni rẹ ń ṣe."

"Mo ń rí i, Bàbá. Mo dákẹ́ ní ìjẹta. Ẹ kò ṣàkíyèsí ni. Nígbà tí mo délé, oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi."

"Àwọn ẹlòmíràn ń dákẹ́, wọ́n sì ń jẹun."

"Àwọn ẹlòmíràn kọ́ ni Ìyá bá wẹ òkú ọmọ." Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. "Ọjọ́ tí Bàṣírù kú, mo kan ilẹ̀kùn mẹ́rin. Ẹ̀yin mọ àdúgbò wa. Ìyá nìkan ló jáde. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gbé omi, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Bí mo bá wá kọjá lára ọkọ rẹ̀ láìkí i, kí ni mo jẹ́?"

Gbogbo Ilé Òjò ni ó mọ̀ pé Bàṣírù ọmọ rẹ̀ kú. Kò tó ọdún márùn-ún. Òfin ẹ̀gbà kò kan ọmọ tí kò tó ọdún méje, nítorí náà ó sin ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì padà sí ibi iṣẹ́. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ibà ni, pé ọmọ náà dákẹ́ sí àyà ìyá rẹ̀. Ohun tí Mùínátù sọ fún wa nìyẹn. Bóyá òun gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ ti gbà á gbọ́.

"Ẹ bú èmi náà," ó wí. "Ẹ bú mi bí ẹ bá ti fẹ́. Mo ṣèlérí fún yín, n kò ní bínú."

"Bí o kò bá ní bínú, kò wúlò."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí ó ti rẹ̀. Ẹ̀gbà mi tún tutù. Mo wò ó: kò sí ìlà kankan mọ́.

Gàníyù àti àwọn yòókù ti ń wọlé. Ọ̀gá Láògún dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé ọjọ́ ti tán, ó wá wo ohun tí n ó ṣe. Gbogbo wọn jókòó. Wọ́n ń wò mí bí wọ́n ti ń wo ògiri lọ́sàn-án.

Mo ní láti sọ bí ó ti rí. N kò bínú. Orí mi kò dàrú. Mo ronú nípa Àgọ́-Àmọ̀dù, mo ronú nípa èéfín, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí ó tó. Fẹ̀hìntọ́lá ni ó fi sí mi nínú, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ikọ́ jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀. Ó ní ó ti ń wúwo lọ́kàn òun láti ọjọ́ pípẹ́, òun kò sì fẹ́ gbé e lọ. Ó ní, "Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni." Mo ní, "Ta ni n ó sọ ọ́ fún?"

"Mùínátù," mo wí, "o sọ fún gbogbo wa pé àyà rẹ ni Bàṣírù kú sí. Irọ́ ni."

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró nínú aṣọ.

"Ibí yìí ni o wà. Àwòdì ń fò lọ́jọ́ náà, o kò fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé o kò wá. O fi kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀kùn mọ́ ọn pẹ̀lú ibà lára rẹ̀. Nígbà tí o padà dé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni o ti bá a. Ó ti gan. Fẹ̀hìntọ́lá ni ó rọra na àwọn ìka rẹ̀ kí ẹ tó lè wẹ̀ ẹ́, nítorí pé ilẹ̀kùn ni ó ń fi wọ́n ha."

Mo ń wo bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ń wò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣókùnkùn. Nígbà tí ó gbé orí sókè, kò béèrè ìdí tí mo fi sọ ọ́. Ó ní, "Ṣé Ìyá sọ fún yín ni?"

"Ó sọ fún mi."

"Ìyá fẹnu ara wọn sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Bọ́tìnnì náà pọ́n. Kò pọ́n fírí bí ti Gàníyù. Ó pọ́n, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni ẹ̀gbà mi di ọwọ́ mi mú, tí ó gbóná, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan mu. Mo ń gbọ́ ọ, mùkù mùkù, bí ọmọ tí ebi ti ń pa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmú. Ìlà dúdú gòkè láìdúró títí ó fi kan òkè. Ẹ̀gbà náà dún kẹ́, ó tú fúnra rẹ̀, ó jábọ́ sórí tábìlì pẹ̀lú inú rẹ̀ tí ó yó.

Àwọn yòókù dìde. Wọ́n tẹ orí ba. Gbogbo wọn pa ohùn pọ̀, wọ́n ní, "A bá yín gbé e." Ọ̀gá Láògún ń nu ojú. Gàníyù fi ọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, "Bàbá, Ọ̀gá Ṣódìmú fúnra rẹ̀ ò lè ṣe é tó báyìí." Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Itọ́ kún ẹnu mi, mo gbé e mì.

Mùínátù kò tẹ orí ba. Ó parí ojú ìrán tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà, ó fi eyín gé òwú náà, ó sì jáde.

*

Mo sin Fẹ̀hìntọ́lá sí Àgọ́-Àmọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, ṣùgbọ́n àwọn ará ibi iṣẹ́ mi bá mi gbẹ́ ẹ. Gbogbo wọn ni wọ́n wá. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi. Àwọn tí ó ti sọ pé n kò fẹ́ràn rẹ̀ wá bẹ̀ mí. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí, tí ó ti gbọ́ ohun tí mo ṣe, di ọwọ́ mi mú, ó ní òun gbàdúrà kí ọkọ òun lè ṣọ̀fọ̀ òun bẹ́ẹ̀. Mo gba ọwọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo dúró sí ẹ̀bá ibojì náà. Ó yẹ kí n bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ kì í sin ìyàwó rẹ̀ kí ó má wí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ fún un, n kò sì lè sọ ọ́ fún ẹni tí kò lè dìde kúrò níwájú mi. Mo fi omi fọ ẹnu mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo wálé.

Mùínátù kò padà sí ibi iṣẹ́. Ọ̀gá Láògún ní òfin fún un ní ìsinmi tí ó pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, bí bọ́tìnnì rẹ̀ ti pọ́n tó. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Mo lọ sí ilé rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ilé náà mọ́, wọ́n ti gbá a. Àwọn ará àdúgbò ní ó wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí ìhà òkè odò. Wọn kò béèrè ibi tí ó ń lọ, kò sì sọ. Mo béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò rántí rẹ̀.

Wọ́n ti gba ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Nítorí pé èmi ni mo jókòó sí iwájú rẹ̀, Ọ̀gá Láògún ní kí n kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Ohun tí ó fi sílẹ̀ nìwọ̀nyí:

Sálúbàtà kan tí ó fi okùn so ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyẹ́ àwòdì kan tí ó rán dé ìdajì.

Abẹ́rẹ́ méje tí ó gún mọ́ ọṣẹ kí wọ́n má baà dípẹtà.

Kúlíkúlí nínú ọ̀rá, ó ti bu ẹyọ kan jẹ.

Ìborùn àwọ̀ ewé, tí ó máa ń fi bo orí bí eruku bá ń fẹ́.

Dígí kékeré tí ó ti fọ́.

Bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, tí ó já kúrò lára aṣọ kí ó tó jáde lọ́jọ́ náà, tí ó ṣì ń pọ́n.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá kan, ti irú àtijọ́, nínú aṣọ tí ó fi wé e ní ìlọ́po mẹ́ta.